ṢÍṢE BÁTÌRÌ LITHIUM FÚN INÁ SÓLÀ

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dáwọ́ lé ní Ìlọrin, èyíinì ni bí a ṣe ń to bátìrì lithium jọ pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹni, kí ó lè máa tọ́jú iná tí oòrùn bá mú wá lọ́sàn-án di alẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn lè kọ́ ni, kò sì sí awo kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ̀ láti wọ̀n lónìí lè di iná nínú ilé onílé lọ́la. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà á.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ará Ìlọrin ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá tọ oòrùn lọ. Odò Ọya kò jìnnà sí wa. Orí odò yìí ni ìdídò Kainji wà, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1968, orí rẹ̀ náà sì ni ti Jẹ́bà wà, ní ẹnu ààlà ìpínlẹ̀ tiwa. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Ọjà-Ọba àti ẹni tó ń gbé ní Tánkẹ̀ ni òkùnkùn jọ ń bá fínra. Ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsokọ́ra iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ tí gbogbo wa sì wà lókùnkùn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, owó iná tí àwọn tó wà ní Band A ń san fún yúnìtì kan fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Ṣáájú ìgbà náà, láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ owó epo ti dópin, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà á. Oòrùn ni kò tíì béèrè owó lọ́wọ́ wa.

Ìṣòro oòrùn ni pé ó ń wọ̀. Ilé kéwú tó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì kò lè lo páànẹ́ẹ̀lì nìkan, ibi tí a ó pa iná mọ́ sí ni ó ń fẹ́. Bátìrì olómi ni a ti ń lò fún èyí láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí òjé àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, tí a ń bu omi sí. Bátìrì náà kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lálaalẹ́, kì í pẹ́ kú. Ti lithium lè fún wa ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní omi tí a ń bù sí i, kò sì wúwo rárá. Bátìrì lithium tí a ó kọ́ bí a ṣe ń tò ó nísàlẹ̀ yìí kò ní tó kìlógíráàmù 15, nígbà tí àwọn bátìrì olómi gíga tí a ń rí káàkiri ìlú máa ń mú kí ọkùnrin méjì mí gúlegúle.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ni ayé dárúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí: Stanley Whittingham, John Goodenough, àti Akira Yoshino ará Jàpáàn. Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1985, ilé-iṣẹ́ Sony sì gbé bátìrì náà jáde fún títà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ, ẹ gbọ́ o.) Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Texas náà ni oríṣi kan ti jáde láàrin àwọn ọdún 1990, èyí tí a fi irin àti phosphate ṣe. Oríṣi yìí ni ó kàn wá jù lónìí.

Àti pé kí a má ṣe rò pé ohun àjèjì pátápátá ni. Kwárà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí òkúta lithium ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Nasarawa, Kogi, Èkìtì àti àwọn mìíràn. Òkúta náà ń kúrò lọ́wọ́ wa ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ń padà wá ní owó gọbọi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

ORÍṢI MÉJÌ, KÍ A MÁ PA WỌ́N PỌ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní lithium bí ẹni pé nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì róbótó kékeré tí wọ́n ń pè ní 18650, nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Inú bátìrì kọ̀ǹpútà àlágbèéká àtijọ́ ni wọ́n ti máa ń tú u jáde. Agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3.6 tàbí 3.7, bí ó bá sì kún, ó di 4.2. Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì onírin-àti-phosphate, tí ó sábà máa ń jẹ́ onígun mẹ́rin bíi bíríkì. Fóòtì 3.2 ni agbára tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá 3.65 bí ó bá kún, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá 2.5.

Èwo ni kí a lò fún ilé? Èrò wa ni pé èkejì ni, a kò sì fi bò. Bí ooru bá mú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ jù, àwọn ohun inú rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí ni iná sì ń jẹ. Ìyẹn ni pé bátìrì náà ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ fún iná ara rẹ̀, tí ìbòrí tàbí iyanrìn kò fi lè tètè pa á. Ti onírin-àti-phosphate di ọ́síjìn tirẹ̀ mú gírígírí. Ó lè wú, ó lè rú èéfín tó léwu, ó sì lè jóná bí a bá fi ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù ju èkíní lọ fíìfíì.

Ìdí kejì ni iye oríkèé. Bátìrì tí a fẹ́ tò yìí yóò gba wáàtì-wákàtí 1280. Bí a bá fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kù ní ámpù-wákàtí 2 ṣe é, a ó nílò nǹkan bíi 178. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí tirẹ̀ àti àìsàn tirẹ̀, gbogbo wọn ni a ó sì so lórí lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin péré ni ti onírin-àti-phosphate.

A kò sọ pé àlòkù kò wúlò. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ń jẹ́ Quadloop, tí ó ń fi sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe àtùpà sólà, iṣẹ́ tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n àtùpà yàtọ̀ sí bátìrì tó ń gbé odidi ilé. Ní ìlú New York, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, èèyàn 18 ni ó kú ní ọdún 2023 nínú iná tí bátìrì lithium dá sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ oníná. Ọdún náà ni ìjọba ìlú yẹn ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú sẹ́ẹ̀lì àlòkù kí ó tún un tò di bátìrì fún títà. Ìlú tó ní ilé-iṣẹ́ panápaná ní gbogbo àdúgbò ni ó ṣe irú òfin yìí. Kí àwa tí a ń wá omi sẹ́nu gáríwá ronú sí i.

ÌṢIRÒ KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Ẹ jẹ́ kí a lo ilé kéwú kékeré kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ní gílóòbù LED 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 9, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Ó ní fáànù 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 50, èyí jẹ́ 100. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ wáàtì 172. Bí wọ́n bá lò ó fún wákàtí 5, ó di wáàtì-wákàtí 860. Ìnfátà náà yóò jẹ tirẹ̀ lọ́nà, bí ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ń gba owó ẹrù, nítorí náà ẹ pè é ní 980.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin fóòtì àti ámpù, kí ó wo táǹkì omi orí òrùlé. Bí táǹkì náà ṣe ga tó ni ó ń sọ bí omi yóò ṣe ti ara rẹ̀ tó: ìyẹn ni fóòtì. Bí omi ṣe ń ya jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tó ni ámpù. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ fún ara wọn, wáàtì nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2 àti ámpù-wákàtí 100, bí a bá so wọ́n tẹ̀léra, yóò fún wa ní fóòtì 12.8. Ẹ fi 100 lọ 12.8, ẹ ó rí 1280. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1024, ó sì gba 980 tí a ń wá.

Ní ti páànẹ́ẹ̀lì, bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan ní Ìlọrin jọ, ó tó nǹkan bíi wákàtí 5 oòrùn tó mú gan-an. Lórí ìwé, wáàtì 200 lè tó. Kí ẹnikẹ́ni má ra 200. Ìkùukùu wà ní oṣù kẹjọ, eruku ọyẹ́ sì ń bo ojú páànẹ́ẹ̀lì láti oṣù kejìlá. Wáàtì 300 ni ó kéré jù, 400 ni ọkàn wa balẹ̀ sí.

RÍRA SẸ́Ẹ̀LÌ

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí ẹ bá dé Táíwò tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò sólà, tí ẹnì kan bá fi 18650 hàn yín tí wọ́n kọ 9900 sí lára, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa lọ. Èyí tó dára nínú irú sẹ́ẹ̀lì náà kì í kọjá nǹkan bíi 3500. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: ojúlówó máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45, ayédèrú sì máa ń fẹ́rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ti onígun mẹ́rin 100 tí a ń sọ yìí, nǹkan bíi kìlógíráàmù 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n.

Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ ọn rí tí wọ́n sì fi nǹkan ha á kúrò, tòkunbọ̀ ni, bó ti wù kí ọ̀rá tuntun tí wọ́n wé mọ́ ọn máa dán tó. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, ẹ má gbà á, kódà bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ti ha àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà lára rẹ̀ dànù, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó ń fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn fóòtì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tuntun sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 3.3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn. Èyí tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 2.5 ti ṣàìsàn.

Ṣùgbọ́n mítà kò lè sọ bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe tó. Àgbẹ̀ kì í fi ojú òde mọ ohun tó wà nínú àká. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí a kún un, kí a sì tú u jáde pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí a bá kún un dé 3.65, tí a sì ń fa ámpù 20 lára rẹ̀ títí ó fi dé 2.5, ó yẹ kí ó gbà wá ní wákàtí 5. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó lò, sẹ́ẹ̀lì 70 ni wọ́n tà fún wa ní orúkọ 100. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ó di mítà mú tàbí obìnrin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin wa tí ẹ rò pé iṣẹ́ iná kì í ṣe tiyín, ìdajì iṣẹ́ yìí ni kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìfò kan.

Kí a fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta sẹ́ẹ̀lì 70 fún oníbàárà ní orúkọ 100 torí pé wọ́n ta á fún òun náà bẹ́ẹ̀. Ọjà tí a bá mọ àléébù rẹ̀, a ó sọ ọ́ kí a tó gba owó. Àwọn kan á ra á bẹ́ẹ̀ náà ní owó tó bá a mu.

TÍTÒ Ó PỌ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ fi téépù wé ìdí sípánà yín títí yóò fi ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Sípánà tó bá jábọ́ sórí + àti − lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba iná tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpù kọjá, yóò yọ́ bí òrí lójú yín. Fóòtì 12 kò lè gbé èèyàn bíi iná NEPA, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà jẹ. Iná rẹ̀ kò pa yín, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ lè gé ìka.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a mú orí àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. A ó so gbogbo orí + pọ̀ mọ́ ara wọn, a ó so gbogbo − pọ̀ mọ́ ara wọn, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa mu láti inú àwo kan. A ó wá gbé ẹ̀rọ tó ń fún ni ní iná, irú èyí tí a lè yí nọ́ńbà rẹ̀, sí fóòtì 3.65 gẹ́lẹ́ kí a tó so ó mọ́ wọn rárá. Ẹ tún ìyẹn kà. Nígbà tí a bá so wọ́n báyìí, sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́, 3.65 sì ni òpin rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé tó gbé ẹ̀rọ náà sí 14.6, bí ẹni pé bátìrì odidi ni, ti pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. A ó fi í sílẹ̀ títí ámpù tó ń wọlé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré ó lè ju ọjọ́ kan lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ kí ẹ lọ síbi ìnáwó.

Lẹ́yìn èyí, a ó tú wọn, a ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí + ọ̀kan kọjú sí − èkejì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn. Ara irin tó wà lábẹ́ ọ̀rá náà ní iná díẹ̀ nínú, bí ọ̀rá bá sì ha nítorí mímì, wọn yóò fẹnu kanra. Ẹ fi pákó fáíbà pẹlẹbẹ tí kì í gbé iná sáàárín wọn. Ẹ fi nǹkan gbá wọn mọ́ra kí wọ́n má mì, ṣùgbọ́n kí ẹ má fún wọn pa. Ẹ nu orí wọn mọ́, ẹ gbé irin ìsopọ̀ lé e, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe sẹ́ẹ̀lì náà sọ. Nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ ń gbóná, èyí tí a fún jù ń bọ́ orí sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù olójé jó wáyà mọ́ orí sẹ́ẹ̀lì láéláé.

BMS: Ẹ̀ṢỌ́ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ SÙN

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé abala yìí.

BMS ni pátákó kékeré tí wáyà tín-ín-rín pọ̀ lára rẹ̀, tí ó ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ti rí àwọn tó ń yọ ọ́ sílẹ̀ láti dín owó kù, wọ́n ní kọntírólà sólà yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kò lè ṣe é, ìṣirò ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wà ní 3.4, tí ìkẹrin tó ti rẹ̀ sì ti sáré kún dé 3.8. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 14.0. Kọntírólà tí a ní kó dúró ní 14.4 yóò wo 14.0, yóò ní ó kù díẹ̀, yóò sì máa ti iná wọlé. Lójú rẹ̀ gbogbo nǹkan dára, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ti ń wú nínú àpótí. Bákan náà ni lálẹ́: mẹ́ta wà ní 3.1, ọ̀kan ti bọ́ sí 1.9, àpapọ̀ jẹ́ 11.2. Ìnfátà tí kì í pa títí di 10.5 yóò máa fà á lọ, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá tún kún un lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wo àpapọ̀ nìkan kò lè mọ ẹni tó ń kú nínú agbo. BMS ló ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń gé iná náà nígbà tí èyíkéyìí bá kọjá ààlà, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń so ó ni pé wáyà dúdú ńlá tí wọ́n kọ B− sí ni yóò kọ́kọ́ wọ orí − ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni a ó to àwọn wáyà tín-ín-rín márùn-ún láti − lọ sókè. Kí a tó ti ìdí wọn bọ inú BMS, a ó fi mítà kà wọ́n láti −: ó yẹ kí a rí 0, 3.3, 6.6, 9.9 àti 13.2, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn tàbí tó fi díẹ̀ jù ú bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kún. Bí nọ́ńbà kan bá fo lórí ìlà, wáyà méjì ti pààrọ̀ ààyè, bí ẹ bá sì tì í bọ̀ bẹ́ẹ̀, èéfín ni ẹ ó rí. Ìnfátà wáàtì 1000 lè fa nǹkan bíi ámpù 90 bí a bá gbé e lẹ́rù tán, nítorí náà BMS ámpù 100 ni ó yẹ ẹ́, pẹ̀lú wáyà 35 mm². Ẹ ha wáyà náà wò. Bàbà pupa ni a ń wá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé pupa orí ni, funfun ni inú.

Fíúsì ámpù 125 yóò wà lórí wáyà +, kí ó súnmọ́ bátìrì bí ó ti lè ṣeé ṣe. Ẹnì kan lè sọ pé BMS ti wà, kí ni fíúsì tún ń wá? Ẹ̀rọ ni BMS, ẹ̀rọ sì lè jóná kí ó sì há ní ṣíṣí sílẹ̀. Fíúsì kò ní ọgbọ́n kankan ju kí ó yọ́ lọ, ìyẹn ni a fi fọkàn tán an.

Ẹ gbé kọntírólà sólà sí oríṣi lithium, kí kíkún rẹ̀ wà láàrin 14.2 àti 14.4, kí ẹ sì pa ìlà tí wọ́n fi ń sè bátìrì olómi, nítorí fóòtì rẹ̀ ń ga ju èyí lọ.

IBI TÍ A Ó GBÉ E SÍ

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ ní ìlú wa. Láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹrin, abẹ́ páànù ilé wa máa ń gbóná ju ìta lọ, ibẹ̀ kọ́ ni ibi bátìrì. Kò yẹ kí a kún un nígbà tí ara rẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n 45. Ẹ wá ibi tó ní òjìji àti afẹ́fẹ́, lórí sìmẹ́ńtì, jìnnà sí ẹní, ìwé, kẹ̀rẹ́sìmù àti ẹnu ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo. Kí ó má wà nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. A mọ ìkìlọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, lórí fífi iná sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Bátìrì kì í ṣe àtùpà tí a lè fẹ́ pa, fíúsì, BMS àti ibi tí a gbé e sí ni ó ń dúró fún wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ẹ má ṣe gbé e, ẹ má sì fa èéfín náà símú. Ẹ kó àwọn èèyàn jáde, kí ẹ pe 112.

ÌDÁNWÒ

Bátìrì tí a tò tán kò tíì jẹ́ bátìrì títí a ó fi dán an wò. Ẹ kún un, ẹ so ìnfátà mọ́ ọn, ẹ tan gílóòbù àti fáànù tó tó wáàtì 200, kí ẹ sì kọ aago sílẹ̀. Ó yẹ kí ó gbé e fún wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀. Bí ó bá pa ní wákàtí mẹ́ta, ẹ wá sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí i. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn orí ìbòrí wáyà kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀gbẹ́ fíúsì, láìkan irin. Oríkèé tó bá gbóná ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò wọlé dáadáa. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ tún un fún.

Ní ìkẹyìn, ẹ mú páálí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tò ó sí i, fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nígbà tó kún, wákàtí tó lò nínú ìdánwò, iye ámpù fíúsì, àti orúkọ ẹni tó tò ó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí náà. Bí oníbàárà bá pè yín lẹ́yìn ọdún méjì pé iná kì í pẹ́ mọ́, mítà àti páálí yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú sípánà.